Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí wọ́n ní oró ẹ̀ ló le jù láyé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pín fídíò yẹn kiri, èyí tó ń sọ pé kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn ló ní oró jù láyé, pé ẹnu ẹ̀ tó kéré ni ò jẹ́ kó lè bu èèyàn jẹ. Irọ́ ni o. Kò ní oró rárá, kò tiẹ̀ ní ibi tí oró á ti wá lára, kì í sì í ṣe aláǹtakùn. Ẹgbẹ́ tiẹ̀ dá wà, Opiliones làwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é, ẹ̀yà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ níbẹ̀ ju 6,000 lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ń tan èèyàn jẹ, àmọ́ ṣebí àkekèé náà ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ?

Aláǹtakùn ní ìbàdí tó pín ara ẹ̀ sí méjì, ti Opiliones lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Kì í ta okùn, oúnjẹ líle ló ń jẹ ní wẹ́wẹ́, aláǹtakùn ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ domi kó tó fà á mu. Ohun ìjà ẹ̀ ni omi olóòórùn tó ń jáde láti ihò kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara.

Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé daddy longlegs táwọn òyìnbó ń pè é, wọ́n tún fi ń pe aláǹtakùn gidi kan, Pholcidae, tó máa ń wà ní kọ̀rọ̀ ilé, ìyẹn ní oró lóòótọ́ àmọ́ kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan.

Ẹsẹ̀ gígùn gan-an kì í ṣe àmì ẹgbẹ́ Opiliones. Ẹ wo Ogoveidae, ìdílé kékeré tí William Shear, onímọ̀ nípa ẹranko, yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1980, wọ́n wà láwọn orílẹ̀-èdè bíi Kamẹrúùnù àti Gabon, ẹ̀yà mélòó kan péré. Ẹsẹ̀ wọn kúrú, abẹ́ ewé jíjẹrà nínú igbó ni wọ́n ń gbé, téèyàn bá rí wọn á ní eégbọn ni. Ihò olóòórùn yẹn wà lára àmì tí wọ́n fi dá wọn mọ̀, tiwọn yọ sókè gọngọ lórí ẹ̀yìn. Èyí tó wú mi lórí jù ni àwọn ìbátan wọn, Neogoveidae, tó wà níwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó tún wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ wọn ò lè fò, wọn ò sì lè wẹ òkun já, àṣé ilẹ̀ méjèèjì ṣì so pọ̀ nígbà táwọn baba ńlá wọn ń rìn lábẹ́ ewé.