Ìgbà Òtútù Ni Kí Ẹ Gbin Igi Èso Yín

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní ọgbà lẹ́yìnkùlé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya ọ̀pọ̀ yín lẹ́nu. Nílé, ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ni a máa ń gbin igi, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ọkọ́ lọ gbin ọsàn nínú ọyẹ́. Níhìn-ín, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, nígbà tí ápù àti plum bá ti wọ́wé tán tí wọ́n sì dúró bí igi gbígbẹ, ni gbígbìn wọn dára jù lọ. Igi náà kò kú, ó sùn ni. Nítorí pé kò sí ewé tí omi ara rẹ̀ lè gbà jáde, àwọn olóko lè hú u, kí wọ́n gbọn erùpẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì tà á bẹ́ẹ̀, ní owó tí ó sábà máa ń kéré sí ti igi inú ìkòkò.

Kì í ṣe òtútù ni ó máa ń pa irú igi yìí, bí kò ṣe kí gbòǹgbò rẹ̀ gbẹ. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí àwọn gbòǹgbò wínníwínní tí ó dà bí irun: àwọn ni wọ́n ń fa omi, àwọn náà ni afẹ́fẹ́ sì kọ́kọ́ máa ń gbẹ. Arákùnrin kan ra ápù méjì, ó sì fi wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìfi nǹkan kan bò wọ́n. Nígbà tí ó pè mí ní oṣù Karùn-ún, mo fi èékánná ha èèpo ọ̀kan nínú wọn. Àwọ̀ ewé tútù ni ó yẹ kí n bá lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n igi gbígbẹ ni mo bá. Ó dùn mí gan-an. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí igi bá ti dé, ẹ tú u, kí ẹ ki gbòǹgbò rẹ̀ bọ omi fún wákàtí kan tàbí méjì. Bí ilẹ̀ bá dì bí òkúta tàbí tí omi dúró sórí rẹ̀, ẹ má gbìn ín. Ẹ gbé e sínú garawa, kí ẹ fi iyanrìn tútù bo gbòǹgbò rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi rọ̀.

Ihò náà kò gbọdọ̀ jìn ju gbòǹgbò lọ, ṣùgbọ́n kí ó fẹ̀ dáadáa. Lára igi, ẹ ó rí ìlà dúdú tí ó fi ibi tí erùpẹ̀ dé lóko hàn. Ibẹ̀ náà ni kí erùpẹ̀ yín dé. Lókè rẹ̀ díẹ̀ ni ibi tí ó wú bí orúnkún wà, níbi tí wọ́n ti lọ́ ẹ̀ka ápù mọ́ ìdí igi mìíràn. Ìdí yìí ni ó ń pinnu bí igi yóò ṣe ga tó: igi tó wà lórí ìdí tí wọ́n ń pè ní M9 kì í sábà ju mítà 3 lọ, èyí tó wà lórí MM106 sì máa ń tó mítà 4. Bí erùpẹ̀ bá bo orúnkún yìí, ẹ̀ka òkè yóò ta gbòǹgbò tirẹ̀, igi kékeré tí ẹ rà yóò sì di ìrókò mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ kan èèkàn mọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbé igi sí i, kí ó má baà gún gbòǹgbò. Ẹ má da ajílẹ̀ sínú ihò. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ náà pinpin, kí ẹ bomi rin ín, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Ẹ lè gé ẹ̀ka ápù nínú òtútù, ṣùgbọ́n ẹ fi ti plum àti cherry sílẹ̀ di ìgbà ooru, nítorí àrùn tí ń mú ewé wọn dán bíi fàdákà máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé nígbà òtútù.

Ní ìgbà ooru àkọ́kọ́, ẹ máa bu garawa omi kan tàbí méjì sí ìdí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí òjò kò bá rọ̀, kí ẹ máa tu koríko tó yí i ká, kí ẹ sì já gbogbo èso wẹ́wẹ́ tí ó bá so, kí agbára rẹ̀ lè lọ sínú gbòǹgbò.