Ìrù ni wọ́n ń kà, kì í ṣe orí

Tí ìròyìn bá ti sọ pé àbùùbùtán tó wà nínú òkun kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún báyìí báyìí, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu èèyàn ni pé ta ló kà wọ́n? Ìbéèrè gidi ni. Ohun tó ń bíni nínú ni ìdáhùn táwọn èèyàn máa ń fún ara wọn, pé sátẹ́láìtì ló ń kà wọ́n látòkè, tàbí pé irọ́ ni, wọ́n kàn jókòó sí ọ́fíìsì wọ́n fi nọ́ńbà sí i. Kò sí èyí tó jóòótọ́ níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á gan-an sì dùn ju méjèèjì lọ.

Ti pé kì í ṣe ẹja, pé ó ń mí afẹ́fẹ́, pé ó ń fọ́mọ lọ́yàn, ẹ jẹ́ ká fò ó, ilé ìwé ti sọ ìyẹn fún gbogbo wa. Orúkọ yẹn nìkan ló yẹ ká dúró wò díẹ̀. Àbùùbùtán, ohun tí wọ́n bù títí tí ò tán. Láàárín 1900 sí 1999 àwọn ọkọ̀ ọdẹ pa tó mílíọ̀nù 2.9 nínú wọn káàkiri ayé, ó sì kù díẹ̀ kí orúkọ yẹn di irọ́.

Láyé ìgbà yẹn náà wọ́n ń ṣèwádìí o. Láti bíi 1930 síwájú, ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹran yìí ń lọ ni pé wọ́n á yìnbọn fún un, ọta ibẹ̀ jẹ́ irin gígùn kan tó dà bíi páìpù kékeré, tí wọ́n ti tẹ nọ́ńbà sí lára, á wọ inú ọ̀rá rẹ̀ lọ á jókòó síbẹ̀. Ẹran náà á máa bá ayé rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá pa á, tí wọ́n ń kun ún, ni irin yẹn máa jáde, wọ́n á ka nọ́ńbà ara rẹ̀, wọ́n á dá a padà, àwọn onísáyẹ́ǹsì á wá sọ pé hẹn-ẹ́n, ibi lágbájá la ti yìnbọn fún eléyìí, ibi tàmẹ̀dò ló kú sí. Ìmọ̀ tó jẹ́ pé àfi kí ẹni tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kú kí wọ́n tó rí i. Tí wọn ò bá pa á, wọn ò ní mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́ títí ayé.

Kámẹ́rà ló gbà wọ́n sílẹ̀, pàápàá lọ́dọ̀ irú àbùùbùtán tí wọ́n ń pè ní humpback. Humpback ní ìṣe kan, tó bá fẹ́ rì lọ sísàlẹ̀ pátápátá, á ká ẹ̀yìn rẹ̀ kò, ìrù á wá yọ sókè odindi, omi á máa ro sílẹ̀ létí rẹ̀ ṣooro, fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré abẹ́ ìrù á dojú kọ ẹni tó wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń yà. Abẹ́ ìrù yẹn, òmíràn funfun báláú, òmíràn dúdú kirikiri, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ àdàlù bí ìgbà tí yíǹkì dà sórí bébà. Wọ́n á tún rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò tẹ̀léra, ibi tí orca, ẹran òkun kan tó máa ń dọdẹ wọn, ti deyín mọ́ ọn nìyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Etí ìrù náà rí gbágungbàgun bí eyín ayùn tó ti gbó, kò sì sí méjì tí tiwọn bára mu.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé bíi ìtẹ̀ka ni. Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ ìtẹ̀ka kì í yí padà, àwọ̀ abẹ́ ìrù ọmọ humpback sì máa ń yí láàárín ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ kó tó dúró. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá dá wàhálà sílẹ̀.

Ó dáa, wọ́n ti ní fọ́tò ìrù. Báwo ni fọ́tò ṣe di iye? Kò sẹ́ni tó lè ya gbogbo wọn.

Ká sọ pé ayẹyẹ kan ń lọ nínú gbọ̀ngàn ńlá, inú rẹ̀ ṣókùnkùn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé lọ ka èrò. Ẹnì kan dúró síta pẹ̀lú fóònù, ó ń ya àwọn tó bá jáde wá gba afẹ́fẹ́. Ó ya èèyàn 100, ó sinmi. Nígbà tó yá ó padà síbẹ̀, ó ya 80. Ó wá to gbogbo fọ́tò kalẹ̀ ó rí i pé nínú 80 yìí, 20 ló ti yà tẹ́lẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó ń jáde ló ti ní fọ́tò wọn, a jẹ́ pé àwọn 100 àkọ́kọ́ yẹn náà á jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ilé. Èrò inú gbọ̀ngàn á tó 400. Kò tẹsẹ̀ wọ inú ibẹ̀ rárá.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àwọn tí wọ́n rí ló ń sọ iye, àwọn tí wọ́n TÚN rí ni.

Ṣùgbọ́n ayẹyẹ ni, ẹ mọ bí ayẹyẹ ṣe máa ń rí. Àwọn kan ò ní jáde láéláé, wọ́n ti rí àyè lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn kan ń jáde ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún nítorí sìgá, àwọn ló kún inú fóònù. Àwọn kan ti lọ sílé kí fóònù tó padà wá, àwọn míì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Àwọn ọmọdé, wọn ò kúrò nídìí ìyá wọn. Bákan náà ló ṣe rí lójú omi, humpback kan á gbé ìrù sókè ní gbogbo ìgbà tó bá rì bíi pé ó mọ̀ pé wọ́n ń ya òun, òmíràn á kàn wọlé jẹ́jẹ́, ọmọ rẹ̀ kì í sábàá gbé e sókè rárá. Gbogbo èyí ni wọ́n ń fi ìṣirò tún ṣe, ìṣirò náà sì le, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Èyí tó léwu jù ni ẹni tó lọ pààrọ̀ aṣọ. Ó wọ dúdú nígbà àkọ́kọ́, ó padà jáde pẹ̀lú funfun àti fìlà, ẹni tó mú fóònù ò dá a mọ̀ mọ́, ó kà á sí èèyàn tuntun. Ká ní mẹ́rin péré ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó dá mọ̀ á di 16 dípò 20, ìṣirò á sì sọ pé èrò inú ilé jẹ́ 500. Mẹ́rin ni kò dá mọ̀ o, 100 ló bí! Nígbà tó bá sì jẹ́ àbùùbùtán, bí ọmọ tí àwọ̀ abẹ́ ìrù rẹ̀ ti yí padà, àṣìṣe yẹn ń jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n pọ̀, irú àṣìṣe tí inú gbogbo èèyàn máa dùn sí tẹ́nikẹ́ni ò sì ní tètè yẹ̀ wò. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń ju fọ́tò tí ò dáa nù, bó ti wù kó wọ́n tó, ìrù tó dagun tàbí tí oòrùn kọ lù lè di ẹran tí ò sí.

Ojú lásán ni wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra yìí tẹ́lẹ̀. Láàárín 2004 sí 2006 olùwádìí tó lé ní 400 láti orílẹ̀-èdè 10 pawọ́ pọ̀ ya humpback káàkiri òkun Pàsífíìkì àríwá, ìrù bíi 8,000 ni wọ́n dá mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iye tó sì jáde lápapọ̀ jẹ́ bíi 20,000. Àwọn èèyàn ló jókòó, tí wọ́n ń gbé fọ́tò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn, òmíràn, òmíràn, ojú á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Lónìí Happywhale, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí Ted Cheeseman àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2015, ti gbé iṣẹ́ yẹn fún kọ̀ǹpútà, tí fọ́tò bá dáa á rí èyí tó bá a mu bíi ìgbà 97 sí 99 nínú 100, etí ìrù sì wà lára ohun tó ń wò, kì í ṣe àwọ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni ló sì lè fi fọ́tò ránṣẹ́.

Ẹnikẹ́ni yẹn kì í ṣe àbùkù o. Ní 1999 wọ́n ya humpback kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bràsíìlì. Ní 2001 ẹnì kan tó wà nínú ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Madagásíkà ya ìrù kan. Fọ́tò yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ẹnì kan fi gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹran kan náà ni, abo, ó lé ní 9,800 kìlómítà láàárín ibi méjèèjì, àwọn akọ ni gbogbo èèyàn sì rò pé ó ń rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Irin inú ọ̀rá náà lè sọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá ti pa á.

Ibi tó ti ń wọ́ ni pé ọkọ̀ arìnrìn-àjò kì í lọ síbi tí kò ti sẹ́ni tó máa sanwó. Fọ́tò á pọ̀ lọ jàra ní Hawaii, ká má rí ẹyọ kan ní apá òkun tó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Ìṣirò lè tún díẹ̀ ṣe níbẹ̀, kò lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Síbẹ̀ àwọn fọ́tò yìí ló jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí ojú lásán ò bá rí. Humpback Pàsífíìkì àríwá ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún títí ó fi tó bíi 33,500 ní 2012. Láàárín 2014 sí 2016 omi òkun yẹn gbóná kọjá bó ṣe yẹ, oúnjẹ wọn dín kù, nígbà tó máa fi di 2021 iye wọn ti já sí bíi 26,700. Kò sẹ́ni tó rí òkú ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójú omi, rírì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń rì. Ìrù tí wọ́n mọ̀ dáadáa tí ò yọ mọ́ ni wọ́n rí. Ìyẹn ló wá le jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí èyí tó kú àti èyí tó kàn lọ síbòmíràn, àyè òfo kan náà ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, àfi kí wọ́n máa ya fọ́tò lọ fún ọdún mélòó kan sí i kí wọ́n tó lè sọ èwo ni èwo. Ọ̀kan tí wọ́n kọ́kọ́ ya ìrù rẹ̀ ní Alaska ní 1972, tí wọ́n ń pè ní Old Timer, tún yọ ní 2024.