Kastle, síńtẹ̀sáísà inú àpò

Kastle ni orúkọ síńtẹ̀sáísà kékeré kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn orin sílẹ̀, tí iléeṣẹ́ Bastl Instruments ń ṣe nílùú Brno, lórílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì. Ó ṣeé tì bọ àpò, òkúta tọ́ọ̀ṣì AA mẹ́ta péré ló ń jẹ, kò ní kíbọ́ọ̀dù tí èèyàn ń tẹ̀ bíi dùùrù, kò sì ní sípíkà lára, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ á ki íápíìsì bọ̀ ọ́ ni tàbí kó so ó mọ́ sípíkà. Nǹkan tó fi yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ orin kéékèèké bíi Pocket Operator tí wọ́n ń ṣe ní Stockholm ni àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lójú ẹ̀. Inú àwọn ihò yìí ni wọ́n ń ki wáyà tín-ín-rín bọ̀ láti so apá kan ẹ̀rọ náà mọ́ apá míì, ibi tí wáyà bá sì ti bọ́ sí ló máa sọ irú orin tó máa jáde.

Kí wọ́n máa fi wáyà so ẹ̀rọ orin kì í ṣe nǹkan tuntun, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ní 1963, àwọn olórin méjì kan ní San Francisco, Morton Subotnick àti Ramon Sender, bẹ Don Buchla tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná kó bá àwọn ṣe ẹ̀rọ tí àwọn máa fi dá orin, torí pé ìgbà yẹn ńṣe ni wọ́n ń fi abẹ́ gé téèpù tí wọ́n ti gba ohùn sí, tí wọ́n á tún máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ra wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Robert Moog náà ń ṣe tiẹ̀ lápá New York, tiẹ̀ jáde ní 1964, ó sì fi kíbọ́ọ̀dù sí i, àmọ́ Buchla ò fẹ́ kíbọ́ọ̀dù dúdú àti funfun yẹn rárá, lójú tiẹ̀ ẹni tó bá ti rí i níwájú, orin kíbọ́ọ̀dù náà lá ṣáà máa tẹ̀. Ẹ̀rọ àwọn méjèèjì tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó di bí àárín àwọn ọdún 1990, Dieter Doepfer ní Jámánì gbé Eurorack jáde, irú síńtẹ̀sáísà kan tí èèyàn lè máa ra ẹ̀yà ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn dín títóbi kù ṣùgbọ́n kò dín ìnáwó kù, ẹni tó bá ti ra ẹyọ kan á fẹ́ ra ìkejì.

Václav Peloušek àti Ondřej Merta ló dá Bastl sílẹ̀ ní 2013, lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Standuino. Inú ọ̀rọ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì kan, bastlit, ni wọ́n ti yọ orúkọ Bastl, ìyẹn ni kéèyàn máa jókòó sílé fọwọ́ ara ẹ̀ to nǹkan tàbí tún un ṣe.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ṣíìpù ATtiny85 méjì, ìyẹn kọ̀ǹpútà bíńtín, ló wà nínú Kastle, ẹsẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ní, kìlóbáìtì 8 sì ni ibi tí kálukú ń tọ́jú iṣẹ́ ẹ̀ sí, fọ́tò kan ṣoṣo látorí fóònù ò lè wọ inú ẹ̀. Ọ̀kan ń mú ohùn jáde, èkejì ń darí ohùn yẹn. Èyí tó ń mú ohùn jáde ní ọ̀nà mẹ́ta tó ń gbà yí ìró padà nínú Kastle àkọ́kọ́: phase modulation, phase distortion àti track and hold modulation, ohùn gbogbo wọn ha díẹ̀, ó ń dún bíi géèmù ayé àtijọ́.

Ẹni tó bá mọ gángan á tètè lóye bí ìdarí yẹn ṣe rí. Tí onílù bá fún ọṣán mọ́ra ohùn á ga, tó bá dẹwọ́ ohùn á wálẹ̀. Nínú Kastle, fóltéèjì, ìyẹn bí iná ṣe lágbára tó, ló ń fún ọṣán. Ṣíìpù kejì á máa gbé fóltéèjì lọ sókè sódò fúnra ẹ̀, ó lè yára, ó lè rọra, èyí ni wọ́n ń pè ní LFO, téèyàn bá wá fi wáyà gbé e lọ sí ihò tó ń gba ìdarí ohùn, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè sọ̀ kalẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Òkúta mẹ́ta ò ju fóltì 4.5 lọ, torí náà kò sí pé iná máa gbé èèyàn.

Apá tí àwọn olórin fẹ́ràn jù ni èyí tó ń mú fóltéèjì jáde ní ìpele-ìpele. Ọ̀dọ̀ Rob Hordijk, ará Netherlands tó ṣe ẹ̀rọ Benjolin, ni wọ́n ti rí ọgbọ́n ẹ̀, Rungler lòun pè é. Ẹ wò ó bí èèyàn tó tò sórí ìlà, kálukú wọn jẹ́ 0 tàbí 1, gbogbo ìgbà tí àsìkò bá tó wọ́n á sún síwájú níkọ̀ọ̀kan, ẹni tuntun á wọlé lẹ́yìn, ẹni iwájú á bọ́ síta, mẹ́ta lára wọn ni Rungler á wá sọ di fóltéèjì, ọ̀nà mẹ́jọ sì ni 0 àti 1 mẹ́ta lè gbà tò, ìyẹn ìpele mẹ́jọ. Kastle lè jẹ́ kí ìlà yìí máa yípo lẹ́ẹ̀mẹ́jọ-mẹ́jọ, tàbí mẹ́rìndínlógún, tàbí kó máa ṣe bó ṣe wù ú. Tó bá ń yípo ó máa jọ orin téèyàn lè mi orí sí, tí kò bá yípo, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó kàn.

Orin tí wọ́n ń fi ṣe

Torí ihò ò pọ̀ lójú ẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á so ẹ̀rọ náà padà mọ́ ara ẹ̀, bíi kí ohùn tó ń jáde tún lọ máa darí ohùn yẹn kan náà, tàbí kí LFO máa yí eré ara ẹ̀ padà. Ibẹ̀ ni ariwo, ìró tó ń kùn bí ẹ́ńjìnnì àti àwọn ohùn tí kò lórúkọ ti ń wá. Ihò méjì kan tún wà tó ń gba nǹkan wọlé tàbí gbé e jáde, wọ́n fi ń so ó mọ́ Kastle míì tàbí Volca, ẹ̀rọ orin kékeré ti iléeṣẹ́ Korg, kí àsìkò wọn lè bára mu.

Kastle ò lè tọ́jú nǹkan kan o. Ẹni tó bá rí ohùn tó dùn á sáré ká a sílẹ̀, àwọn kan á ya fọ́tò wáyà wọn, àmọ́ tí ọwọ́ bá ti yẹ̀ díẹ̀ lára nọ́ọ̀bù, ó di ohùn míì nìyẹn.

Gbangba ni àwòrán sákíìtì ẹ̀ àti kóòdù ẹ̀ wà, èèyàn lè kọ kóòdù míì sínú ṣíìpù kan náà, bí wọ́n ṣe rí Kastle Drum tó ń lu ìlù nìyẹn. Ní 2024 wọ́n gbé Kastle 2 jáde, ṣíìpù tiẹ̀ lágbára ju ATtiny lọ dáadáa, ó ń gba iná látinú USB-C, FX Wizard tó kọ́kọ́ dé nínú wọn sì ń gba ohùn láti ìta wá tún un ṣe, ṣùgbọ́n òkúta mẹ́ta àti wáyà tín-ín-rín yẹn ṣì wà lára ẹ̀.