Ìbàdí tó ń dunni: ṣé lóòótọ́ ni iṣẹ́ abẹ máa ń sọ èèyàn di arọ?

Níbi tí àwa Yorùbá bá ti pàdé ní Àbújá, ì báà jẹ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Kubwa, ì báà jẹ́ ìta ṣọ́ọ̀ṣì ní Nyanya tàbí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Jímọ̀, kí ẹnì kan ṣáà ti sọ pé dókítà ní kí òun wá ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí. Ìmọ̀ràn kan náà ló máa gbọ́ lẹ́nu èèyàn mẹ́ta: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn yín o. Ẹni tí wọ́n bá là ní ìbàdí kì í rìn mọ́." Wọ́n á wá dárúkọ ìyá kan tàbí bàbá kan tí wọ́n gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, tí kò sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ títí tó fi dákẹ́.

N kò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìyá náà wà, ojú wọn ló sì ṣe. Ohun tí wọn kì í bèèrè ni iye oṣù tó ti lò nílé kó tó dé ọsibítù. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n kọ́kọ́ rà fún un, torí pé ohunkóhun tó bá ti ń ki èèyàn nídìí, jẹ̀díjẹ̀dí ni lójú tiwa. Àgbo ọ̀pá ẹ̀yìn ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ará àdúgbò mú wọn lọ sọ́dọ̀ madori, oníṣègùn eegun àwọn Hausa, ó fi òróró fà á, ó sì fi igi dì í. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹran itan rẹ̀ ti joro, ìdùbúlẹ̀ ti dá egbò sí i lẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan sì ti kúrú ju èkejì lọ. Iṣẹ́ abẹ ló gbẹ̀yìn nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ló wá gba orúkọ burúkú. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìbàdí tó ń dunni kò nílò ọ̀bẹ rárá. Àwọn tó sì nílò rẹ̀, ìdádúró ló ń ba tiwọn jẹ́.

Ká tó lè ya ọ̀kan kúrò lára ọ̀kan, ó yẹ ká mọ ibi tí oríkèé ìbàdí wà gan-an. Eegun itan ní orí roboto kan lókè. Orí yìí ló wọ inú kòtò kan lára eegun ìgbáròkó, tó ń yí níbẹ̀ bí orí ọmọ odó ṣe ń yí nínú odó. Ohun funfun kan tó ń dán, tó ń yọ̀, ló bo ojú méjèèjì kí eegun má bàa máa ha eegun. Oríkèé náà jìn nínú ara, ẹran tó nípọn ló sì bò ó, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ kì í fi í kàn án láti ìta, bó ti wù kí ẹni tó ń fi òróró wọ́ ọ lágbára tó. Tó bá jẹ́ oríkèé yìí gan-an ló ń ṣàìsàn, iwájú lèèyàn sábà máa ń mọ̀ ọ́n lára, níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ìrora náà lè sọ̀ kalẹ̀ sí iwájú itan, kó tiẹ̀ dé orúnkún. Àwọn kan wà tó ń fi róòbù pa orúnkún láràárọ̀, orúnkún tí nǹkan kan kò ṣe, tó sì jẹ́ pé ìbàdí ló ń bàjẹ́ lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fọwọ́ gbá tí a bá ní "ìbàdí ń dùn mí", ìyẹn inú ẹran ìdí lẹ́yìn, ọ̀pá ẹ̀yìn ló sábà máa ń ti wá. Pàápàá tó bá ń ta bí iná gba ẹ̀yìn itan, tó kọjá orúnkún, tó ń lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ níta ni, tí kò ṣeé fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn lóru, àwọn iṣan tó so ẹran ìdí mọ́ eegun itan ló sábà máa ń fà á. Méjèèjì yìí kì í sábà gba iṣẹ́ abẹ. Físíò, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi eré ìmárale ṣe, ló ń ṣe wọ́n lóore jù, pẹ̀lú sùúrù, torí kì í yá.

Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kàn kọ oògùn lórí ìjókòó. Á ní kí ẹ dùbúlẹ̀, á ká orúnkún yín sókè, á wá rọra máa yí itan náà sínú àti síta. Tí ìrora bá mú yín níwájú itan nígbà tó yí i sínú, tàbí tí itan náà kọ̀ tí kò yí mọ́, oríkèé gan-an ló yẹ kó wò. Nílé, èèyàn lè ti ṣàkíyèsí rẹ̀ kó tó délé ìwòsàn: kò lè tẹ̀ gé èékánná ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́, ó ń fọwọ́ gbé itan wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP, ìforíkanlẹ̀ lórí ìrun ti di wàhálà fún un.

Ti àgbàlagbà tí oríkèé rẹ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀, èyí tí a ń pè ní làkúrègbé, kì í bẹ̀rẹ̀ lórí iṣẹ́ abẹ. Kí ara fúyẹ́ sí i, kí ẹran itan àti ti ìdí le sí i nípa eré ìmárale, kí oògùn ìrora mọ níwọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, diclofenac àti ibuprofen kì í ṣe ohun tí à ń jẹ lójoojúmọ́ láìsọ fún dókítà. Wọ́n ń dá egbò sí ikùn, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́, àgàgà lára ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tí màì màgání, àwọn Hausa tó ń ta oògùn, ń gbé kiri ibùdókọ̀, tí kò ní orúkọ tí kò ní àpò, èyí tó ń mú kí ìrora lọ lójú ẹsẹ̀, òun ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ọ̀pá tún wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá wa ló ń mú un ní ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn wọ́n, bẹ́ẹ̀ òdìkejì ló yẹ kó wà. Tó bá jẹ́ ìbàdí ọ̀tún ló ń dùn yín, ọwọ́ òsì ni kó mú ọ̀pá, kí ọ̀pá náà sì jọ tẹ ilẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Tí èèyàn bá ń rìn, ẹrù tó ń wọ oríkèé ìbàdí máa ń tó ìlọ́po méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀, torí pé ẹran ìdí ń fa agbára yọ kí èèyàn má bàa ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀pá tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì yẹn ló ń bá ẹran náà ṣiṣẹ́. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ láti pálọ̀ dé kíṣìnnì, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára.

Nínú gbogbo ohun tó ń ba oríkèé yìí jẹ́ ní Nàìjíríà, èyí tó ń dùn mí jù ni èyí tó ń mú àwọn ọ̀dọ́. Orí eegun itan ń jẹun láti inú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá débẹ̀ mọ́, eegun náà á kú, á sì wó lábẹ́ ìwúwo ara. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) wà nínú ewu yìí gan-an, torí pé ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé ló ń dí àwọn òpó náà. Orílẹ̀-èdè tiwa yìí ni wọ́n sì ti ń bí ọmọ tó ní in jù lọ láyé. Ọtí àmujù lè fà á. Àwọn oògùn bíi prednisolone àti dexamethasone náà lè fà á tí èèyàn bá mu wọ́n púpọ̀ tó sì pẹ́. Dókítà lè fi wọ́n gba ẹ̀mí là, n kò bá ìyẹn wí rárá. Àwọn ọmọbìnrin tó ń rà wọ́n ní kẹ́míìsì kí wọ́n lè sanra ni mò ń bá wí, àti àwọn tó ń ra wọ́n fún wọn.

Nígbà tí ọmọ ọdún 22 bá ń tiro, àwọn èèyàn á ní àìsàn arúgbó kọ́ lèyí, ó ti tẹ oògùn mọ́lẹ̀ ni, ayé ló ń ṣe é. Ilé àdúrà á wá di ilé keji. Àdúrà kò dí X-ray lọ́wọ́. Ẹ sì jẹ́ kó yé yín pé ní ìbẹ̀rẹ̀, X-ray lè má fi nǹkan kan hàn. MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń tètè rí eegun tó ń kú. Tí ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde bá ń ráhùn iwájú itan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n ní X-ray kò rí nǹkan, ẹ má tíì darí sílé. Tí wọ́n bá rí i kí orí eegun náà tó wó, iṣẹ́ abẹ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń lu ihò sí i kí ìfúnpá inú rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ó lè gba oríkèé náà là lára àwọn kan. Tó bá ti wó tán, kò sí àgbo tó lè tún un mọ roboto.

Èyí tí kò ṣeé fi falẹ̀ rárá ni eegun tó ṣẹ́. Ìyá ẹni ọdún 74 wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó ní Kubwa. Omi ọṣẹ wà lórí táìlì balùwẹ̀, ó yọ̀, ó ṣubú. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe sùn sílẹ̀: ọmọ ìka ẹsẹ̀ yà síta, ó kọjú sí ògiri, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ga sókè ju ti èkejì lọ. Ẹsẹ̀ náà ti kúrú. Ọrùn eegun itan ló sábà máa ń ṣẹ́ báyìí, lára obìnrin jù, torí pé eegun wọn ń fúyẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Ẹ má fà á. Ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìrọ̀rí gbè é, ẹ gbé e sórí ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn. Tí ara rẹ̀ bá gbà á, kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Tó bá sùn sílé fún oṣù mẹ́ta kí eegun "so ara rẹ̀ pọ̀", egbò ẹ̀yìn, ẹ̀dọ̀fóró tó kún àti ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń pa á, eegun tó ṣẹ́ kọ́. Nípa madori, mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ti lọ síbẹ̀ fún apá, tí apá náà sì jinná. Ọrùn eegun itan yàtọ̀: ó jìn, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kò tó nǹkan, igi tí a dì mọ́ itan kò sì lè mú un dúró.

Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé, "Tó bá ṣẹ́ ni, kò ní lè dìde." Kò rí bẹ́ẹ̀. Eegun tó ṣẹ́ tó ki ara rẹ̀ bọ ara rẹ̀ lè jẹ́ kí arúgbó rìn fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó yà pátápátá.

Fún ọmọdé, ọ̀rọ̀ kò gùn: ibà, pẹ̀lú ìbàdí tàbí orúnkún tó ń dùn ún, pẹ̀lú kíkọ̀ láti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ọyún inú oríkèé ń jẹ ẹ́ run láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń bẹ̀rù jù ni ti pípààrọ̀ oríkèé. Wọ́n á gé orí eegun tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n á fi irin tó ní orí roboto sí itan, wọ́n á fi ike líle tẹ́ inú kòtò. John Charnley, dókítà ará Ìlú Ọba, ló fi ẹsẹ̀ irú èyí múlẹ̀ ní 1962. Ìwádìí tó jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 2019 fi hàn pé bíi 6 nínú 10 irú oríkèé bẹ́ẹ̀ ló ń pé ọdún 25. Ìgbà wo ló tó ṣe é? Nígbà tí ìrora bá ń jí èèyàn lójú oorun, tí kò lè rìn dé ọjà mọ́, tí físíò àti oògùn ti ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, tí X-ray sì fi hàn pé oríkèé ti jẹ tán. Kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń pinnu rẹ̀. Ewu wà níbẹ̀: kòkòrò lè wọ ojú abẹ, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, oríkèé náà lè yẹ̀. Ti ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde gba ìmúrasílẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, torí ẹ̀jẹ̀ àti ìnira tó lè dé lẹ́yìn rẹ̀. Owó rẹ̀ ń wọ mílíọ̀nù náírà, òkè òkun ni irin náà ti ń wá. Ní apá Àríwá níbí, ilé ìwòsàn eegun ìjọba àpapọ̀ wà ní Dala ní Kánò, ọmọ ìyá ilé ìwòsàn Ìgbòbí l'Ékòó tí àwọn òbí wa mọ̀. Àwọn dókítà eegun sì wà ní National Hospital l'Ábújá, ní ọsibítù yunifásítì ní Gwagwalada àti ní Shika nítòsí Zaria.

Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń gbé dìde lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú irin ìrìn, tí físíò dúró tì wọ́n. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, dókítà lè ní kí wọ́n má ká ìbàdí kọjá ìwọ̀n: kò ní sí ìjókòó lórí àpótí ìdáná, kò ní sí ṣáláńgá, kò ní sí fífi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. Mùsùlùmí lè jókòó lórí àga kírun, ẹ̀sìn gbà á láyè. Àwọn ọmọ àti àna ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ èyí, torí kò sí bàbá Yorùbá tó máa fẹ́ kí wọ́n rí òun lórí ìdúró níwájú ẹni tó jù ú lọ. Kó kí wọn lórí ìdúró, kó ṣàlàyé, kí wọ́n sì má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.