Bí àgbẹ̀ Warwickshire kan ṣe dépò ààrẹ ilé aṣòfin Yúróòpù

Ní Britain, àgbẹ̀ kì í ṣàdédé dolóṣèlú, inú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lèèyàn ti lè kọ́ ọ. Ẹ wo Henry Plumb. Ọmọ àgbẹ̀ Warwickshire ni, wọ́n bí i ní 1925, ó pé ọmọ ọdún 15 báyìí ló fi iléèwé sílẹ̀ lọ bá bàbá ẹ̀ lóko torí Ogun Àgbáyé Kejì ti dé, nígbà tí bàbá sì kú, òun náà ló gba oko ọ̀hún.

NFU (National Farmers' Union) ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní England àti Wales. Àwọn àgbẹ̀ àdúgbò á kóra jọ, wọ́n á yan aṣojú, aṣojú á lọ títí dé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ẹgbẹ́, tó wà ní London nígbà yẹn, ìgbìmọ̀ yìí ló ń yan ààrẹ. Plumb gun àkàbà yìí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ààrẹ ní 1970, ó sì lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Iṣẹ́ ààrẹ gan-an, ọjà nínà ni. Látìgbà òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ 1947 nìjọba ti máa ń ṣèlérí iye tí owó àlìkámà, mílíìkì àti màlúù ò ní já wálẹ̀ kọjá, ọdọọdún ni ẹgbẹ́ àti ìjọba sì máa ń jókòó ná an, kálukú pẹ̀lú ìṣirò tiẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fẹ́nì kejì. Kí ló kù tí wọ́n ń pè ní òṣèlú?

Nígbà tí Britain wá wọ Common Market, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjà àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ní 1973, ọ̀rọ̀ owó ọjà oko kúrò ní London bọ́ sí Brussels níbi tí ẹgbẹ́ náà fi ṣe ibùjókòó, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ná gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e lọ. Ní 1979 tí aráàlú kọ́kọ́ dìbò fún ilé aṣòfin Yúróòpù fúnra wọn, Plumb wọlé fún Cotswolds lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative, kíá ni wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ìyẹn ò kéré o, torí iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn nígbà yẹn.

Ààrẹ ilé yẹn, àwọn ọmọ ilé ló ń dìbò yàn án, ọdún méjì ààbọ̀ ló sì ń lò. Ní January 1987, ìbò di ẹlẹ́ẹ̀kẹta kó tó yanjú, Plumb ní 241, Enrique Barón Crespo ará Spain ní 236. Ọmọ Britain kan ṣoṣo tó jókòó síbẹ̀ rí nìyẹn. Lórí àga yẹn ló wà ní October 1988 tí Póòpù John Paul Kejì ń sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin náà ní Strasbourg, Ian Paisley, pásítọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì láti Northern Ireland tóun náà jẹ́ ọmọ ilé, bá dìde, ó na páálí pupa sókè, ó ń pariwo pé Aṣòdì-sí-Kristi ni Póòpù, àwọn tó wà nítòsí já páálí gbà lọ́wọ́ ẹ̀, Plumb ní kí wọ́n mú un jáde. Ẹni tó ti ṣe alága ìpàdé àgbẹ̀ tínú ń bí, kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ kan àwa náà: láàárín 1994 sí 1999, òun ni alága kan nínú méjì fún àpérò Yúróòpù pẹ̀lú Áfíríkà, Caribbean àti Pacific, Nàìjíríà wà lára wọn, àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní Lomé ní 1975 ló sì bí i. Ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ṣúgà náà ni wọ́n tún ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ níbẹ̀.