Fódà ọ́fíìsì kò ṣí mọ́ lẹ́yìn Windows 11: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí síso kọ̀ǹpútà díẹ̀ pọ̀ láìsí sáfà

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kéékèèké sáré kó lọ sórí Windows 11, àfi bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀: fódà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń ṣí tipẹ́ kọ̀ jálẹ̀, pírińtà tó wà lára kọ̀ǹpútà akọ̀wé kò dá àwọn yòókù lóhùn mọ́. Àwọn ọ́fíìsì yìí kò ní sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọ̀gá tó ń tọ́jú fáìlì fún gbogbo àwọn yòókù; kọ̀ǹpútà wọn ló ń pín nǹkan fún ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní peer-to-peer. Àwọn ìbéèrè tó ń jáde látọ̀dọ̀ àwọn oníkẹ́místì, ilé ìwé aládàáni àti ọ́fíìsì lọ́yà nìyí.

Ṣé Windows 11 ti fòpin sí àjọpín fódà ni?

Rárá o.

Kí ló wá yí padà?

Ohun méjì, ẹ̀dà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2 ló sì kó wọn dé. Èkíní ni ọ̀rọ̀ àlejò. Tẹ́lẹ̀, lórí Windows Pro, bí kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ wọ̀ kò bá mọ̀ yín, ó lè gbà yín wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò láìbi yín ní pásíwọ̀dù. Ní báyìí, 24H2 Pro kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni bí àlejò mọ́. Èkejì ni ìbuwọ́lùwé. SMB ni ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows fi ń gba fáìlì lọ́wọ́ ara wọn, 24H2 Pro sì ní dandan ni kí gbogbo ohun tó bá gba ibẹ̀ kọjá ní ìbuwọ́lùwé, kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà lójú ọ̀nà. Láti ara pásíwọ̀dù ni ìbuwọ́lùwé yẹn ti ń wá. Àlejò tí kò ní pásíwọ̀dù kò lè buwọ́ lu nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ìkìlọ̀ pé “your organization's security policies” ló dí yín lọ́nà. Ẹni tó ni kẹ́místì oníkọ̀ǹpútà mẹ́ta á wá máa wò yíká, kó lè mọ àjọ tí wọ́n ń sọ.

Àwa ń lo Homegroup ní tiwa. Ibo ló wọlẹ̀ sí?

Microsoft ti yọ ètò àjọpín àtijọ́ yẹn kúrò nínú Windows láti ọdún 2018.

Kí ni peer-to-peer gan-an? Ṣé torrent ni?

Rárá, orúkọ ló pa òun àti torrent, tí wọ́n fi ń pín fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pọ̀. Èyí tí à ń sọ níbí ni kí kọ̀ǹpútà mélòó kan so mọ́ra láìsí ọ̀gá láàárín wọn: èyí tó ń fúnni ní fódà lónìí lè máa gba tẹlòmíràn lọ́la. Ó dà bí ilé “face me I face you”: yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé bí Bísí bá ti ní orúkọ àti pásíwọ̀dù lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú ìwé orúkọ tirẹ̀, èyí tó bá sì ni fódà ni ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ Bísí sílẹ̀ sí.

Ṣé ó ń jẹ dátà?

Kò jẹ ẹyọ kan. Inú ọ́fíìsì yín ni fáìlì ti ń rìn. Bí owó íntánẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ tán, iṣẹ́ ń lọ.

Kí ni kí n rà fún kọ̀ǹpútà mẹ́rin?

Bí ráútà yín bá ní ojú LAN mẹ́rin lẹ́yìn, wáyà nìkan ló kù. Bí kò bá tó, ẹ ra súwíṣì (àpótí tó ń so wáyà àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) olójú mẹ́jọ tó jẹ́ gigabit. Ẹ má gbára lé MiFi, torí àwọn kan nínú wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì tó wà lórí wọn rí ara wọn.

Wáyà ni kí ẹ fara balẹ̀ rà. Cat5e tàbí Cat6 ló dára, kí ó má sì ju mítà 100 lọ láti ìdí súwíṣì dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn lára. Ẹ fi bíléèdì ha okùn tín-ín-rín kan nínú rẹ̀. Bí inú bá funfun, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Bí ẹ bá ń fi orí sí wáyà fúnra yín, ìlànà T568B ni kí ẹ tẹ̀ lé ní orí méjèèjì: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Ẹ wò ó pé àwọ̀ ewé kò tẹ̀ lé funfun-ewé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, búlúù méjèèjì ló wà láàárín wọn. Àwọn kan máa ń to àwọ̀ ní méjì-méjì tààrà torí pé ó rẹwà lójú. Iná súwíṣì á tàn, fáìlì kékeré á kọjá, ṣùgbọ́n fáìlì ńlá á máa kọ́ lẹ́nu, wọ́n á wá ní kọ̀ǹpútà ló ti gbó.

Súwíṣì nìkan ni mo ní, kò sí ráútà. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́?

Ó lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí kò sí ráútà tó ń pín nọ́ńbà (àdírẹ́sì IP tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń rí ara wọn), kọ̀ǹpútà á fún ara rẹ̀ ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254. Ó sàn kí ẹ fi ọwọ́ yan tiyín: 192.168.10.11 fún èkíní, 192.168.10.12 fún èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú 255.255.255.0 (subnet mask) lórí gbogbo wọn. Bí ráútà bá wà ṣùgbọ́n tí ẹ ṣì ń rí 169.254, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Báwo ni mo ṣe máa tò ó?

Ẹ jẹ́ ká ní kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ KANTA ló ni fódà. Ẹ fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ nínú Settings, System, About. Kí orúkọ náà má ju lẹ́tà 15 lọ, kí ó má sí àlàfo nínú rẹ̀, ẹ má sì fi àmì ohùn sí i. Etí kọ̀ǹpútà kò tíì là tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, lórí gbogbo wọn, ẹ lọ sí Network & internet, ẹ tẹ orúkọ ìsopọ̀ yín, kí ẹ sì yan Private network. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní Public, ògiri ààbò Windows kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, bó ti wù kí ẹ ṣe ìyókù dáadáa tó. Nínú Advanced sharing settings, ẹ tan Network discovery àti File and printer sharing lábẹ́ Private. Ẹ má pa Password protected sharing.

Lórí KANTA, ẹ ṣí Terminal gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ `net user bisi * /add`. Á béèrè pásíwọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sídìí láti sọ ẹnikẹ́ni di administrator.

Ẹ ṣẹ̀dá fódà, ẹ jẹ́ ká pè é ní `D:\Ise`. Bí kò bá sí D, `C:\Ise` náà dára, ṣùgbọ́n kí ó má sí lórí Desktop, torí OneDrive (ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì) lè gbé e lọ. Ẹ lọ sí Properties rẹ̀, Sharing, Advanced Sharing, Permissions. Ẹ yọ Everyone, ẹ fi bisi sí i, kí ẹ fún un ní Change. Kò tíì tán: nínú Security ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ẹ fún bisi ní Modify. Ẹnu ọ̀nà méjì ni, èyí tó bá le jù ló ń ṣèdájọ́. Bí ẹ bá ṣí ọ̀kan ṣoṣo, Bísí lè rí fódà, kó má sì lè fi nǹkan pa mọ́ síbẹ̀.

Ní orí kọ̀ǹpútà Bísí, ẹ tẹ `\\KANTA\Ise` sójú àdírẹ́sì File Explorer. Orúkọ tí ẹ máa kọ ni `KANTA\bisi`. Ẹ tẹ pásíwọ̀dù, kí ẹ ní kó rántí rẹ̀.

PIN tí mo fi ń ṣí kọ̀ǹpútà ńkọ́?

Kò kọjá orí kọ̀ǹpútà yẹn. Orúkọ tí kò ní pásíwọ̀dù rárá náà kò lè gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé.

Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ó kọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá KANTA ń sùn. Bí ó bá lajú, lórí kọ̀ǹpútà kejì, ẹ tẹ `Test-NetConnection KANTA -Port 445` nínú PowerShell. Bí TcpTestSucceeded bá sọ pé True, ọ̀nà dára, ọ̀rọ̀ orúkọ tàbí pásíwọ̀dù ló kù: ẹ lọ pa èyí tó ti di àtijọ́ rẹ́ nínú Credential Manager, ibi tí Windows ń tọ́jú wọn sí. Bí ó bá sọ pé False, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ rọ́pò KANTA. Tí nọ́ńbà bá lọ tí orúkọ kò lọ, orúkọ ni wọn ò rí. Tí méjèèjì bá kọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìsopọ̀ ti padà sí Public, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ráútà.

Fídíò kan ní kí n tẹ àṣẹ kan tó máa dá àlejò padà. Ṣé kí n ṣe é?

Á ṣiṣẹ́, wàhálà ibẹ̀ sì nìyẹn. Láti dá àlejò padà, ẹ gbọ́dọ̀ pa ìbuwọ́lùwé náà. Kọ̀ǹpútà yín á wá gba fáìlì lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí kò mọ̀, kò sì ní mọ̀ bí ẹlòmíràn bá dúró sáàárín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni `net user` fún òṣìṣẹ́ mẹ́rin.

Fídíò tó bá ní kí ẹ tan SMB1 (ẹ̀dà SMB àtijọ́), ẹ pa á. SMB1 ni fáírọ́ọ̀sì WannaCry gbà wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tó dá iṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba dúró ní Bìrìtìkó. Oṣù méjì ṣáájú ni Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde. Àwọn tí kò fi í sórí ẹ̀rọ wọn ló jìyà. Bí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì àtijọ́ bá ní SMB1 nìkan lòun gbọ́, ẹ máa fi fúláàṣì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Pírińtà ńkọ́?

Ẹ ra èyí tó ní ojú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí Wi-Fi tirẹ̀, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa bá a sọ̀rọ̀ tààrà. Láti àwọn àtúnṣe ààbò ọdún 2021 ni pírińtà USB tí wọ́n ń pín látorí kọ̀ǹpútà kan ti ń fa wàhálà, pẹ̀lú àṣìṣe 0x0000011b.

Kọ̀ǹpútà mélòó ló lè gbà?

Windows tí kì í ṣe ti sáfà kò gbà ju ìsopọ̀ 20 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀, títọ́jú orúkọ àti pásíwọ̀dù lórí kọ̀ǹpútà bíi mẹ́wàá á ti sú yín.

Ọ̀kan ṣì wà lórí Windows 10. Ṣé kí n yọ ọ́?

Ó ṣì lè bá Windows 11 sọ̀rọ̀ dáadáa. Fún kọ̀ǹpútà ara ẹni, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò Microsoft tí àtúnṣe ààbò rẹ̀ á máa wọlé títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe é, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun ló ni fódà.

Àwọn oníbàárà ń lo Wi-Fi wa. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀. Ẹ tan Guest network lórí ráútà fún wọn, kí wọ́n má sí ní ojú kan náà pẹ̀lú KANTA. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ojú 445 (port tí SMB ń gbà) láti íntánẹ́ẹ̀tì wọlé.

Bí fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa bá mú kọ̀ǹpútà kan ńkọ́?

Gbogbo ohun tí ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà yẹn lè yí padà ni fáírọ́ọ̀sì náà lè tì pa, títí kan fódà orí KANTA. Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kíkà lọ, Read ni kí ẹ fún un. Ẹ máa da `Ise` kọ sórí háàdì ìta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yọ wáyà rẹ̀ lẹ́yìn náà. Háàdì tó bá wà lára kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru, fáírọ́ọ̀sì á dé ọ̀dọ̀ òun náà.

Bísí ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

`net user bisi /active:no` lórí KANTA, àti lórí gbogbo kọ̀ǹpútà mìíràn tí ẹ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ ṣe é.

Tí wọ́n bá mú iná lọ?

Gbogbo ènìyàn ló máa ń rántí láti fi KANTA sórí UPS. Súwíṣì ni wọ́n máa ń gbàgbé. KANTA á wà láàyè, láàpútọ́ọ̀pù Bísí á wà láàyè, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ ti kú, ìwé Excel tó ń kọ lọ́wọ́ kò sì ní rí ibi fi ara rẹ̀ pa mọ́ sí. Iná tí súwíṣì olójú mẹ́jọ ń jẹ kò tó nǹkan; ẹ ki orí rẹ̀ bọ UPS kan náà.