Ṣé aríran ni Octavia Butler?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là á yé mi. Wọ́n ní obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìtàn lọ́dún 1993 pé iná á máa jó kiri Kalifóníà lọ́dún 2024, oṣù kìíní 2025 ni iná sì run Altadena, níbi tí wọ́n sin obìnrin náà sí. Báwo ló ṣe mọ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò ríran o. Octavia Butler lorúkọ ẹ̀, Pasadena tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Altadena yẹn ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1947, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn òyìnbó ni ìyá ẹ̀ ń ṣe, Parable of the Sower sì ni ìwé tí wọ́n ń sọ. Òun fúnra ẹ̀ sọ ọ́ kó tó kú pé òun kọ́ ló hùmọ̀ àwọn ìṣòro yẹn, òun kàn wo èyí tí gbogbo wa ń pa tì, òun wá fún un ní nǹkan bí 30 ọdún kó fi dàgbà. Ó máa ń gé ìròyìn inú ìwé ìròyìn pa mọ́. Àti pé ní 1992, ọdún kan péré kí ìwé náà tó jáde, Los Angeles jóná lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ dá àwọn ọlọ́pàá tó lu aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Rodney King sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ ò nílò kó dá ọ̀pẹ̀lẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹrú wà nínú ẹ̀. Ẹrú, láyé tiwa yìí kẹ̀?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ló dùn mí jù. Nínú ìtàn náà omi wọ́n ju bẹntiróòlù lọ, ọlọ́pàá ń gbowó kí wọ́n tó wádìí ọ̀ràn, ilé iṣẹ́ ńlá kan wá ra odindi ìlú létí òkun, wọ́n ní ẹ wá ṣiṣẹ́, a máa fún yín nílé, a máa ṣọ́ yín. Owó iṣẹ́ ò ní tó jẹun, èèyàn á máa jẹ ilé iṣẹ́ kan náà ní gbèsè títí tí ò fi ní lè kúrò mọ́. Ìwọ̀fà nìyẹn! Àwọn bàbá ńlá wa mọ̀ ọ́n, èèyàn á fi ara ẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀ dógò, iṣẹ́ tó ń ṣe dúró fún èlé lásán, owó gangan ò dín. Amẹ́ríkà náà mọ̀ ọ́n: àwọn tó ń wa èédú ní West Virginia láyé ọjọ́un, owó tí ilé iṣẹ́ ṣe fúnra ẹ̀ ni wọ́n fi ń sanwó fún wọn, ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n sì ti ń ná an.

Ìbéèrè: Ààrẹ tí wọ́n ní ó ń pariwo Make America Great Again, ẹ jẹ́ ká sọ Amẹ́ríkà di ńlá padà, nínú ìtàn náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Inú apá kejì ìwé náà nìyẹn wà, èyí tó jáde ní 1998. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Ronald Reagan, tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, ti fi irú ẹ̀ polongo ìbò lọ́dún 1980.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí orúkọ Yorùbá fi wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Lauren Oya Olamina lorúkọ ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà, Bankole lọkùnrin tó fẹ́. Nínú ìwé, bàbá Bankole àti bàbá bàbá Lauren ló sọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ nù ní àwọn ọdún 1960, wọ́n mú ti Yorùbá, bí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ṣe gba orúkọ Áfíríkà nígbà yẹn lóòótọ́. Bankole yìí nílẹ̀ ní àríwá Kalifóníà, wọ́n fẹsẹ̀ rin títì márosẹ̀ débẹ̀, iná ti jó ilé tó wà lórí ẹ̀ kanlẹ̀. Bá-n-kọ́-lé. Orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n dúró sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé.